Bọ́gílárì ojú fèrèsé: olè là ń sá fún, iná ńkọ́?

ÌyáÈjìrẹ́_Àkóbọ̀
Ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, a ò tíì rí i yanjú. Ilé tí à ń kọ́ ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, ti kan fèrèsé. Wẹ́dà ti wá wọn gbogbo ẹ̀. Ọkọ mi ní kó jó irin mọ́ fèrèsé pátá, kó má ku ọ̀kan, kó sì fi géètì onírin sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Èmi ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé kan tó ṣeé ṣí láti inú. Ó ní ṣé mo fẹ́ káwọn olè máa wá bá wa jẹ ẹ̀bà ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ní àdúgbò tí a wà báyìí, ilé kan jó lóru nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ìyá àtọmọ wà nínú ilé, àwọn aládùúgbò ń fi òòlù lu irin fèrèsé, irin ò gbọ́. Ògiri ni wọ́n fọ́ kí wọ́n tó rí wọn fà jáde. Báwo lẹ ṣe ṣe é nílé yín? Kì í ṣe irin nìkan ni mo ń bèèrè o. Gbogbo ètò tí ẹ ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ nítorí iná, ẹ bá mi sọ ọ́.

Àjàgbé_Mushin
Ọkọ yín ni mo wà lẹ́yìn ẹ̀, mà. Ẹni tí olè ò tíì wọlé tọ̀ ní aago méjì òru ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé wa, wọ́n so èmi àti ìyàwó mi mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Iná lè má ṣẹlẹ̀ láyé ẹni. Olè ò ní ṣàì gbìyànjú. Ẹ jó irin yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sùn.

Bàbá_Panápaná
Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe l'Ékòó títí mo fi fẹ̀yìntì. Àjàgbé, ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tójú yín rí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí iná ilé ṣe ń rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ iná ló ń pani. Èéfín ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a gbé jáde, iná ò kàn wọ́n lára rárá. Ojú oorun ni èéfín ti bá wọn, wọn ò tilẹ̀ jí. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù, àga onífóòmù, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì, gbogbo wọn ló ń yọ èéfín dúdú olóró. Láyé ìgbà tó jẹ́ ẹní àti àpótí onígi ló wà nílé, iná máa ń falẹ̀ díẹ̀. Lónìí, yàrá tí iná ti bẹ̀rẹ̀ lè gbiná láti àjà délẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ta jí, kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fóònù. Nọ́ńbà 112 wà, 767 náà wà fún Èkó. Ẹ fi wọ́n sórí fóònù gbogbo ará ilé. Tẹ́ ẹ bá pè, ẹ má kàn máa pariwo "iná o, iná o". Ẹ dárúkọ òpópónà, ẹ sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ilé ìwé. Kẹ́nì kan lọ dúró lójú títì kó máa júwe. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ panápaná tilẹ̀ tètè gbéra, sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà lọ́nà, géètì àdúgbò tí wọ́n ti pa lóru náà wà. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé ló wà.

Nítorí náà: ẹ fi irin sí i, mi ò ní kẹ́ ẹ má fi í. Ṣùgbọ́n yàrá tí èèyàn bá ń sùn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde kejì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Kó jẹ́ ìdè ni wọ́n máa fà láti inú, kó má jẹ́ àgádágodo. Nínú èéfín, ìka ò ní rí ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n.

Wẹ́dàÀgbà_Abẹ́òkúta
Iṣẹ́ mi rèé. Olè àti iná, a lè dá àwọn méjèèjì lóhùn pa pọ̀, kò ní kí ẹnì kan borí.

Wọ́n á fi férémù irin mọ ògiri, wọ́n á wá fi híńjì gbé irin inú kọ́ bí ilẹ̀kùn. Kí híńjì wà nínú, kí wọ́n jó orí pín-ìnì rẹ̀ pa, kó má ṣeé yọ látìta. Ìdè rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, nínú, wọ́n á fi páànù nípọn ká a bí àpótí kékeré, tó jẹ́ pé ọwọ́ tó bá ti ìta wọlé á kan páànù, kò ní kan ìdè. Olè tó fẹ́ ṣí i á ní láti gé irin, bó ṣe máa gé èyí tí a jó pa náà nìyẹn. Kí ojú ẹ̀ má dín ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ má wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọmọ. Ẹni tó sanra jù nínú ilé ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Nǹkan méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, ọ̀dà. Kunlékunlé á kun ún mọ́ férémù, ìdè á gan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ẹ̀. Ìkejì, ìyá ilé á gbé wọ́dúróòbù tì í. Ẹ fi gírísì sí i, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i lóṣooṣù. Ẹ sì rántí fèrèsé onígíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà níwájú ẹ̀, kí àwọn náà ṣeé yọ kíá.

Àjàgbé_Mushin
Ẹ̀yin wẹ́dà, ọ̀rọ̀ páànù yẹn yé mi, mi ò mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Géètì onírin wa, àgádágodo ló wà lára ẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Tí mo bá gbé e kọ́ sára ògiri, wọ́n á fi ọ̀pá gùn ún jáde.

Bàbá_Panápaná
Abẹ́ ìrọ̀rí yín kẹ̀! Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lèéfín kọ́kọ́ mú ńkọ́? Ẹ kan ìṣó sára ògiri inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀pá láti ojú fèrèsé kò lè dé, kó rẹlẹ̀ tó fún ọmọ ọdún méje. Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn nìkan ni kó máa wà níbẹ̀. Ẹ má kó o mọ́ ti mọ́tò àti ti ṣọ́ọ̀bù. Kí gbogbo ẹni tó bá sùn nílé yín mọ ibẹ̀, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti àlejò tó dé láàná. Mo ti bá ilé pàdé tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì ìyàwó, tí ìyàwó sì wà ní ìsọjí òru.

ỌmọÈkó_NíPeckham
Ẹ kú ilé o. Ní London níbí, lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi alámù èéfín sí ìpele kọ̀ọ̀kan ilé tó bá fi háyà. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ ní England láti 2015. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà, tó bá gbóòórùn èéfín á han títí etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ṣùgbọ́n ẹ bi wá léèrè ohun tí àwa ọmọ Yorùbá ń fi í ṣe. Tí ata bá ti ń dín, a ó wé nylon mọ́ ọn! Àwọn kan yọ bátìrì ẹ̀ fi sí rìmóòtù. Èéfín ọbẹ̀ ló fà á. Kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí kíṣìnnì, kó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá yíká. Fún kíṣìnnì fúnra ẹ̀, èyí tó ń mọ ooru wà, kò bìkítà fún èéfín ata.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí lókè òkun, dípò súwẹ́ẹ̀tì àti ṣokoléètì, ẹ ní kí wọ́n mú méjì bọ̀. Èyí tí wọ́n ti de bátìrì mọ́ inú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá wà, kò gba wáyà, kò sì gba NEPA.

Ohun kejì ni ilẹ̀kùn. Gbogbo wa rántí Grenfell, ilé gíga alájà púpọ̀ tó jó ní London níbí, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017. Ara fíríìjì kan ni iná ti bẹ̀rẹ̀ ní àjà kẹrin, ohun tí wọ́n fi bo ara ilé sì gbé e dé òkè pátápátá. Èèyàn 72 ló kú. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi bo ilé yẹn, ti ìjọba àti àwọn kọ́lékọ́lé ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá àti ti kíṣìnnì pa kí n tó sùn. Ilẹ̀kùn onígi lásán tí a bá tì lè dá èéfín dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà sì ni ẹ̀mí.

ÌyáÈjìrẹ́_Àkóbọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka ti wẹ́dà sí ọkọ mi létí, ó ní kí n máa kà á lọ. 😄 Wáyà ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ iná ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ.

Oníwáyà_Ifẹ̀
Ẹ fojú sí ìwọ̀n wáyà, mà. Iná gílóòbù, 1.5mm tó o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, 2.5mm. Ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná, 4mm, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bírékà tirẹ̀. Kẹ́ ẹ rà á fúnra yín, kẹ́ ẹ ka ara ẹ̀. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, rọ́bà ẹ̀ nípọn, kọ́pà inú ẹ̀ tín-ín-rín bí òwú.

Ní tẹni tó ń gbé ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀sitẹ́ńṣọ̀n ló ń pa wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ámípù 13, bíi wáàtì 3,000 ló lè gbé. Kẹ́tùlù nìkan lè jẹ 2,200, áyọ́ọ̀nù 1,200. Ẹ ti kọjá ẹ̀ nìyẹn, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ṣì wà lórí ìlà! Tí púlọ́ọ̀gì bá ń gbóná, tó ń dúdú lẹ́nu, tàbí tẹ́ ẹ ń gbọ́ òórùn bí ẹja tó jóná tẹ́ ẹ ò sì dáná ẹja, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe oníwáyà. Fíúsì tó bá sì ti já, ẹ má fi wáyà lásán dì í. Ó já torí kí ilé má baà jó ni.

Àwọn olórí ọ̀ràn méjì: áyọ́ọ̀nù, àti irin onírìǹgì tí a fi ń se omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. NEPA á mú iná lọ nígbà tẹ́ ẹ ń lọṣọ lọ́wọ́, ẹ ó gbé áyọ́ọ̀nù sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n á mú un dé ní aago mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò á hó yèè. Áyọ́ọ̀nù náà ò ní bẹ̀ yín kó tó gbóná. Iná tó ń dé náà sì lè wọlé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nílé tèmi, tí NEPA bá ti lọ, gbogbo ohun tó ń mú ooru jáde la ó yọ kúrò lára ògiri. Ká pa á lásán ò tó.

ÌyáOlóúnjẹ_Òṣogbo
Ẹ ò tíì dé kíṣìnnì ẹ ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀! Ibẹ̀ gan-an niná ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Àkàrà ni mò ń dín ní tèmi, ojú mi ti rí epo tó gbiná. Mo sọ fún gbogbo ọmọ tó bá wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: omi kọ́. Omi kọ́ o! Ẹ pa iná tó wà nísàlẹ̀, ẹ ti ọmọrí ìkòkò láti ẹ̀gbẹ́ bò ó, ẹ má gbé ìkòkò náà rìn, ẹ má sì tètè ṣí i wò. Ọmọrí tó bá ìkòkò mu gbọ́dọ̀ wà nítòsí kẹ́ ẹ tó gbé epo kaná. Fóònù ló ń fà á lóde òní. Ẹni tó gbé epo kaná tó wá lọ gba ìpè ní pálọ̀, ó ti sá fún ìkòkò.

Gáàsì: tẹ́ ẹ bá se oúnjẹ tán, orí sìlíńdà ni kẹ́ ẹ ti pa á, kì í ṣe ojú sítóòfù nìkan. Ẹ máa fi omi ọṣẹ ra ìdí rẹgulétọ̀ àti ara hósì, tó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó, mo bẹ̀ yín. Sìlíńdà tó bá ti dípẹtà, ẹ má bá wọn rà á, ì báà dínwó.

Bàbá_Panápaná
Ìyá Olóúnjẹ ti sọ̀rọ̀. Omi tó bá bọ́ sínú epo gbígbóná máa ń di ooru omi lẹ́ẹ̀kan náà, ooru omi náà sì ń gba àyè tó tó ìlọ́po 1,700 ti omi tó ti wá. Ó ń fọ́n epo tó ń jó káàkiri ni, títí dé àjà.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rìn, ó sì ń kóra jọ sí kọ̀rọ̀, sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá wọlé tẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ má tan gílóòbù, ẹ má pa á, ẹ má tan fáànù pé kó fẹ́ ẹ lọ. Ìtàpárá inú súwíìṣì tó láti mú un. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa orí sìlíńdà tí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, ìta ni kẹ́ ẹ ti pe fóònù. ÌyáÈjìrẹ́, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́lé, ẹ ní kí wọ́n kọ́ àgò sìlíńdà sí ìta kíṣìnnì, kí páìpù wọlé. Ó máa ń rọrùn báyìí ju ìgbà tí ilé bá parí lọ.

Ayálégbé_Agége
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ilé tara yín. Àwa tó ń gbé face-me-I-face-you ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, yàrá mẹ́wàá, gbogbo sítóòfù wà lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé. Bọ̀dá kan sì wà tó ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ọ̀wọ́n epo. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń ṣe ìlara.

Bàbá_Panápaná
Ẹ má dá nìkan bá a sọ ọ́, ìjà ló máa dà. Ẹ pe ìpàdé ilé, kí ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Bẹntiróò ò nílò kí iná kàn án. Òórùn ẹ̀ tó ń fò jáde láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni iná ń mú, ó sì lè rìn lọ bá sítóòfù tó wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀dá yẹn nìkan kọ́ ló máa jóná. Kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé rárá. Ẹ má sì da epo sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kó tutù. Kẹ́ ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú, torí èéfín ẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí imú kì í gbóòórùn ẹ̀, ó ti pa odindi ẹbí rí láìjẹ́ pé iná ràn.

Kẹrosíìnì tẹ́ ẹ bá rà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, tó ń rùn bíi bẹntiróò, ẹ má dà á sí àtùpà tàbí sítóòfù. Àwọn tí kẹrosíìnì àdàlù ti bú gbàmù mọ́ lójú, mo ti gbé wọn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀: kí tááyà, bẹ́ńṣì, ọkọ̀ ọmọ, gbogbo ẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó di alẹ́. Ẹ dá owó jọ, ẹ ra ẹ̀rọ ìpaná kan tó jẹ́ onílẹ́búlẹ́bú, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kí abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀ máa wà ní ibi àwọ̀ ewé. Fa pín-ìnì yọ, dojú ẹ̀ kọ ìdí iná, má dojú kọ ọwọ́ iná, tẹ̀ ẹ́, kí o máa gbá a sọ́tùn-ún sósì. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló ń lò kó tó tán, nítorí náà iná kékeré nìkan ló wà fún, kí ilẹ̀kùn sì wà lẹ́yìn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́n ọn. Iná tó bá ti dé àjà ti kọjá tiyín.

Nọ́ọ̀sì_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí iná bá jó, ẹ má fi ẹyin tútù pa á lára. Ẹ má fi àdín, ẹ má fi ògì, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnì. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa, àwa la ó tún máa fọ̀ ọ́ kúrò, aláìsàn á máa ké. Omi tútù tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko, kì í ṣe omi dídì. Tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi kọ́ọ̀pù dà á sí i. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kó tó wú. Aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ máa bọ̀. Ti ọmọdé, tojú, tọwọ́, àti ẹni tó fa èéfín símú tóhùn ẹ̀ wá ń ha, ẹ má tọ́jú wọn sílé.

Tí iná bá ran aṣọ lára ẹnì kan, kó má sáré. Kó wólẹ̀, kó fọwọ́ bojú, kó máa yí gbiri.

ÌyáÈjìrẹ́_Àkóbọ̀
Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú wọn láì dẹ́rù bà wọ́n?

Bàbá_Panápaná
Ẹ fi ṣeré. Ẹ pa gílóòbù lálẹ́, ẹ kígbe "iná!", ẹ jẹ́ kí wọ́n rá bàbà láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, torí nísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó dáa máa ń kù sí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Tó bá gbóná, fèrèsé ni kí wọ́n gbà. Ẹ mú ibì kan níta tí gbogbo yín máa pàdé, igi máńgòrò tàbí ẹnu géètì ìta. Ẹni tó bá ti débẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wọlé, ì báà ṣe owó, ì báà ṣe sátífíkéètì. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé pàtàkì pa mọ́ sílé ẹbí kan, kó má sí ohun tó máa fa ẹnikẹ́ni padà.

Ọmọdé kì í sá jáde, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wọ̀. Èyí tó fi ìṣáná ṣeré tún burú jù, torí ó mọ̀ pé ẹgba ń bọ̀. Ẹ sọ fún wọn láti ìsinsìnyí pé ọjọ́ tí iná bá wà, kò sí ẹgba. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó wọlé tó fi nǹkan bojú, tó gbé àgbá sẹ́yìn, tó ń mí hooo bí eégún, òun ló wá gbà wọ́n. Mo ti lé ọmọ ká yàrá rí nínú èéfín, ó ń sá fún mi.

Àjàgbé_Mushin
Mo ti kan ìṣó kọ́kọ́rọ́. Ti fèrèsé, yàrá àwọn ọmọ nìkan ni mo máa ṣe. Tèmi á wà bó ṣe wà.

Wẹ́dàÀgbà_Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin àti madam ńkọ́, ẹ ó gba àjà jáde?

ỌmọÈkó_NíPeckham
Ìyá mi ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ṣúrùlérè, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló wà pẹ̀lú wọn. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Panápaná
Ẹ sọ Màmá kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Wọ́n lè kọ̀, torí atẹ́gùn òkè dùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Kí kọ́ìlì ẹ̀fọn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí àbẹ́là kúrò lórí tábìlì. Tọ́ọ̀ṣì onísólà ni kẹ́ ẹ rà fún wọn. Kí ọ̀pá ìrìn, dígí ojú àti fóònù máa wà níbi tọ́wọ́ wọn máa dé láìdìde.

Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn, ẹ kọ́ ọ kó mọ bó ṣe máa fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó nípọn wọ́ Màmá nílẹ̀ jáde, torí kò ní lè gbé wọn. Kí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá wálé. Kẹ́ ẹ sì ní aládùúgbò kan tó ní kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́, torí ọmọ ọ̀dọ̀ náà máa ń lọ sọ́jà.

ỌmọÈkó_NíPeckham
Ẹ ṣeun, sà. Wọ́n ti kọ̀ lórí fóònù báyìí. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ìrẹsì sí.

ÌyáOlóúnjẹ_Òṣogbo
Ẹ kó ìrẹsì lọ sókè.